Ta Ni Ó Ń Gbé Lára Rẹ? Ẹ̀kọ́ Tí Ewé Òkun Kọ́ Wa ní Alábàtà

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ń bẹ fún Ọlọ́hun tí ó dá ohun tí ojú ń rí àti ohun tí ojú kò lè rí. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di Ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀.



Ó lè ya àwọn òǹkàwé wa lẹ́nu pé ewé òkun ni a fẹ́ fi ṣe wàásù lóṣù yìí. Alábàtà kò sí létí òkun. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá. Àpáta, igbó àti oko ẹ̀gẹ́ ni ó yí wa ká. Odò Ògùn tí ó ń ṣàn gba Abẹ́òkúta kọjá ni ó mọ ọ̀nà òkun, nítorí òun ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ọ̀sà ní Èkó. Síbẹ̀, ewé òkun ti dé Alábàtà kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á sọ bí ó ṣe dé.

Ọdún 1988 ni wọ́n dá yunifásítì tí ó wà fún ètò ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, òun náà ni ó wà ní Alábàtà lónìí. Nínú irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ nípa àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí, àwọn tí à ń pè ní bakitéríà, máa ń se oúnjẹ fún wọn sínú àwo pẹlẹbẹ. Oúnjẹ náà a dì bí ẹ̀kọ tútù. Ágà ni ó ń mú un dì, ara ewé òkun pupa sì ni wọ́n ti ń fa ágà yọ. Ìyàwó ilé kan tí ń jẹ́ Fanny Hesse, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Robert Koch ní Jámánì, ni ó dá a lábàá ní ọdún 1881. Gelatin tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń yọ́ bí ooru bá mú, àwọn bakitéríà kan a sì jẹ ẹ́ di omi. Ìyàwó yìí mọ ágà láti inú ilé ìdáná tirẹ̀, ó sì mọ̀ pé kì í tètè yọ́. Láti ìgbà náà títí di òní, ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò bakitéríà ni ó ń lò ó.

Arákùnrin wa kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ni ó mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìjókòó ẹ̀kọ́ wa ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ewé tí à ń fi se oúnjẹ fún bakitéríà yìí, ṣé ẹ mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ kì í dá gbé nínú òkun? Bakitéríà ni ó bo gbogbo ara rẹ̀." A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó ṣàlàyé tán, kò sí ẹni tí ó tún rẹ́rìn-ín mọ́ nínú wa. Ìdí tí a kò fi rẹ́rìn-ín mọ́ ni a fẹ́ sọ fún yín.

OHUN TÍ A RÍ ÀTI OHUN TÍ A KÒ RÍ

Nínú Súrátù Al-Haaqqah, àáyà 38 àti 39, Ọlọ́hun fi ohun tí a rí búra, Ó sì tún fi ohun tí a kò rí búra. Ẹ wo ìdajì ìkejì ìbúra yẹn dáadáa. Ẹni tí ó bá dúró ní etíkun, tí ó rí ewé òkun tí ó ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú ìgbì, ewé nìkan ni yóò rò pé òun rí. Ṣùgbọ́n lórí ibi tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ lára ewé náà, bakitéríà lè wà níbẹ̀ láti 100 títí dé 10,000,000. Ó wà lọ́wọ́ irú ewé tí ó jẹ́, apá ibi tí a wò lára rẹ̀ àti àsìkò ọdún. Wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ bí ará ìlú. Èyí ń jẹ nínú ṣúgà tí ewé ń pèsè, èyí ń fún ewé ní ohun tí ewé kò lè dá ṣe fún ara rẹ̀. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ ewé inú omi ni kò lè dá fítámì B12 ṣe, bẹ́ẹ̀ wọn kò sì lè gbé láìsí i. Ọ̀dọ̀ bakitéríà ni wọ́n ti ń rí i gbà.

Ta ni ó kọ́ wọn ní pàṣípààrọ̀ yìí? Súrátù Al-An'aam, àáyà 59, ti sọ fún wa pé Ọlọ́hun mọ ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ àti nínú òkun, àti pé kò sí ewé kan tí yóò já bọ́ tí Òun kò mọ̀. Bí Ó bá mọ ewé, Ó mọ àlejò tí ó wà lára ewé. Súrátù Al-Israa, àáyà 44, sì sọ pé gbogbo nǹkan ni ó ń ṣe àfọ̀mọ́ fún Un, àwa ni a kò gbọ́ èdè àfọ̀mọ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá ń wo maikirosikóòpù, kí ó má rò pé òun jìnnà sí mọ́sálásí. Ó wà níwájú àwọn tí ń ṣe tàsíbíì.

EWÉ TÍ WỌ́N WẸ̀ MỌ́ TÓNÍTÓNÍ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ wá lára nìyí. Ewé òkun aláwọ̀ ewé kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ulva. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé ẹ̀fọ́, ó sì ń hù lára òkúta etíkun ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, títí kan etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí. Àwọn onímọ̀ kan wẹ gbogbo bakitéríà kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì fi í sínú omi tí kò ní ìdọ̀tí kankan. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ewé náà kò kú, ṣùgbọ́n kò di ewé mọ́. Ó di wóró kan tí kò ní ìrísí: kò tẹ́, kò ní ẹsẹ̀ tí ó fi lè di òkúta mú. Ní ọdún 1980, Luigi Provasoli àti Irma Pintner kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí àwọn dá bakitéríà padà sí ara rẹ̀ ni ìrísí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Ní ọdún 2012, àwọn onímọ̀ ní Jena, ní Jámánì, tún tẹ̀ síwájú. Wọ́n rí i pé irú bakitéríà méjì péré tó láti sọ wóró náà di ewé. Orúkọ ọ̀kan ni Roseovarius, ìkejì sì jẹ́ ti ìdílé tí wọ́n ń pè ní Maribacter. Iṣẹ́ ti àkọ́kọ́ ni láti mú kí ewé náà máa dàgbà, kí ó máa gbòòrò. Iṣẹ́ ti ìkejì ni láti jẹ́ kí ó ní ògiri ara tí ó dúró dáadáa, kí ó sì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi di òkúta mú. Bí ọ̀kan bá wà láìsí ìkejì, iṣẹ́ kò pé.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí! Ẹ̀dá tí Ọlọ́hun dá láti jẹ́ ewé kò lè dá nìkan di ewé. Nínú ara rẹ̀ ni bí yóò ṣe rí wà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ń bá a gbé ni ó ń mú un jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe jẹ́ kí á mọ̀, nínú hádíìsì tí Abú Dáwúdù gbà wá, pé ẹ̀sìn ọ̀rẹ́ ẹni ni ènìyàn máa ń bá rìn, kí oníkálukú wo ẹni tí ó ń bá ṣọ̀rẹ́ dáadáa.

Nínú ọ̀rẹ́, irú méjì yẹn ni a nílò. A nílò ẹni tí yóò máa tì wá síwájú, tí yóò máa sọ pé, "Ka ìwé sí i, há Al-Kùránì sí i, má dúró síbẹ̀ yẹn." A sì nílò ẹni tí yóò dì wá mú nígbà tí ìgbì bá dé, tí yóò ní, "Èyí tí o fẹ́ ṣe yìí kò dára, jókòó ná." Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ní ti àkọ́kọ́ tí kò ní ìkejì. Ẹni tí ó ń dàgbà tí kò ní ẹsẹ̀ lórí òkúta, ìgbì kan péré ni yóò gbé e lọ.

ÀṢÌṢE TIWA

A kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí kí á má jẹ́wọ́. Arákùnrin kan wà láàárín wa tí ó máa ń wà ní sàfú àkọ́kọ́. Nígbà tí ó yá, ó rí àléébù wa. Ó rí ẹni tí ń ṣe àsọdùn nínú wa, ó rí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, ó rí àríyànjiyàn lórí ipò nínú ẹgbẹ́. Gbogbo ohun tí ó rí, òótọ́ ni. Ó wá sọ pé òun yóò kúkú dá gbé kí ẹ̀ṣẹ̀ wa má baà ran òun. Ó gba yàrá sí ẹ̀yìn ọgbà, kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́ mọ́, ó ń dá kírun nínú yàrá.

Kí ni àwa ṣe? A ní, "Ó ti lọ." Àwọn kan tilẹ̀ ní, "Ó rò pé òun mọ́ jù wá lọ." A pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé tí a fi ń pe ara wa. Kò sí ẹni tí ó rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ibà dá a dúbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe àwa ni a mọ̀. Ìyá alákàrà tí ó ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ lówùúrọ̀ ni ó ní, "Ọmọ kékeré tí ń rẹ́rìn-ín yẹn dà? Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí n kò rí i." Ó rán ọmọ rẹ̀ lọ wò ó, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ọlọ́hun fún un ní àlàáfíà. Nígbà tí a wá lọ kí i, ojú tì wá. Màmá náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó wo fìlà orí wa, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni ẹ jọ ń kírun? Ẹ kú ìrìn o." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kò rí èsì fọ̀.

Ta ni ó jẹ̀bi? Arákùnrin wa ṣe àṣìṣe, nítorí hádíìsì wà láti ọ̀dọ̀ Ibn Umar pé mùmíní tí ó ń bá àwọn ènìyàn gbé, tí ó sì ń ṣe sùúrù fún ìpalára wọn, lóore ju èyí tí kì í bá wọn gbé, tí kì í sì ṣe sùúrù fún wọn. Ànábì wa tún kìlọ̀ pé àgùntàn tí ó bá ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ ni ìkookò ń pa jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tiwa wúwo ju tirẹ̀ lọ. Àwa tí a jẹ́ ọ̀pọ̀ ni a jẹ́ kí ọ̀kan di wóró. Arákùnrin yìí ti padà sáàárín wa báyìí, ó sì gbà wá láyè láti kọ èyí, pẹ̀lú àdéhùn pé a kò ní dárúkọ òun.

EWÉ TÍ ÌHÁMỌ́RA RẸ̀ RỌ̀

Ẹnìkan lè wá sọ pé, "Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ẹ jẹ́ kí á máa bá gbogbo ènìyàn rìn." Rárá o. Ewé òkun náà ni yóò dá wa lóhùn.

Ní etíkun Ọsirélíà, ní agbègbè Sydney, ewé òkun pupa kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Delisea pulchra. Kí á tó sọ tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí á mọ ìwà bakitéríà kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe ibi nígbà tí wọn kò bá pọ̀. Wọ́n máa ń tu nǹkan kan sínú omi láti fi ka ara wọn. Bí wọ́n bá mọ̀ pé àwọn ti pọ̀ tó, nígbà náà ni wọ́n ń dìde pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Delisea mọ ọgbọ́n wọn. Àwọn onímọ̀ rí i ní àwọn ọdún 1990 pé ó ń ṣe oògùn kan tí ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ wọn lẹ́nu, tí wọn kò fi ní lè gbọ́ ara wọn yé. Kò pa wọ́n, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n gbìmọ̀.

Nígbà tí omi òkun bá gbóná ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, oògùn yìí máa ń dínkù lára ewé náà. Àwọn bakitéríà kan, tí omi gbígbóná kan náà ń fún lágbára, a sì wọlé. Àwọ̀ pupa ewé náà a ṣí, a di funfun bí aṣọ tí ó pàdé bílíìsì. Ọdún 2011 ni àwọn onímọ̀ kọ èyí jáde.

Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré rí bẹ́ẹ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi àwọn arìnrìn-àjò ṣe àpèjúwe rẹ̀: wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì, èyí mú igi kan wá, tọ̀hún mú igi kan wá, títí igi fi pọ̀ tó láti fi dín búrẹ́dì. Igi kan kò lè se nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rẹ́ burúkú kan, fídíò kan lóru, irọ́ kan fún òbí nípa owó ilé ìwé. Ọ̀kan kò rí bí ewu. Ọjọ́ tí wọ́n bá pọ̀ tó ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ pọ̀.

A mọ àwọn ọmọ tí ó wá láti ilé ire, tí wọ́n mọ Al-Kùránì kà, tí wọ́n bá àwọn ọmọkùnrin tí ń jí owó oníbàárà òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbé nínú yàrá kan. Wọn kò lọ síbẹ̀ láti jalè. Nítorí owó ilé tí ó wọ́n ni. Oṣù kìíní, wọ́n ń kírun. Oṣù kejì, wọ́n ń kí i pẹ̀lú ìdádúró. Nígbà tí ooru mú, tí owó oúnjẹ tán, ìhámọ́ra ti rọ̀, àwọn tí ó wà nítòsí ni ó sì wọlé. Súrátù Al-Furqaan, àáyà 27 sí 29, ti sọ ohun tí alábòsí yóò sọ lọ́jọ́ tí yóò bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ: yóò ní òun ìbá má ti mú lágbájá ní ọ̀rẹ́. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí á bá wọn sọ ọ́. Àmín.

Ẹ tún wo èyí. Ewé òkun kan tí ń jẹ́ Ascophyllum, tí ó ń hù ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ tútù bẹ́ẹ̀, máa ń bọ́ àwọ̀ òkè ara rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Bí ó bá ti bọ́ ọ, gbogbo ohun tí ó ti lẹ̀ mọ́ ọn a bá awọ náà lọ, ewé a sì mọ́. Àwa náà ní tiwa. Ànábì wa fi ìrun márùn-ún wé odò tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ènìyàn, tí ó ń wẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Ó tún sọ, láti ẹnu Abú Huraira, pé bí ẹrú Ọlọ́hun bá dẹ́ṣẹ̀, àmì dúdú kan a wà lára ọkàn rẹ̀. Bí ó bá túúbá, a tún ọkàn náà fọ̀. Bí ó bá ń pọ̀ sí i, a bo gbogbo ọkàn. Ẹni tí kì í wẹ̀ kò ní mọ ìgbà tí èyí tí ó wà lára rẹ̀ pọ̀ tó láti sọ̀rọ̀.

KÍ NI ÒÓRÙN RẸ?

Ewé Ulva tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kì í kàn jókòó kí ẹni rere wá bá a. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ fi hàn pé ó ń tu nǹkan kan sínú omi, tí Roseovarius sì ń tọ ipa rẹ̀ wá bí èèrà ṣe ń tọ ipa ṣúgà. Ewé ni ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ni ó ń bọ́ ọ.

Gbogbo wa ni a mọ hádíìsì onítùràrí àti alágbẹ̀dẹ, tí Bùháárì àti Mùsílímù gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abú Músà. A máa ń lò ó láti yan ọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ kí á yí i padà sí ara wa lónìí. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, kí ni ó ń jáde lára rẹ? Ẹni tí ó ń kùn pé àwọn ọmọ burúkú ni ó ń yí òun ká, kí ó wo ohun tí ó ń pe wọ́n wá. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ bá jẹ́ owó òjijì, àwọn olówó òjijì yóò wá. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gàn, ẹlẹ́gàn ni yóò jókòó tì ọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ àti ìrántí Ọlọ́hun, wọn yóò wá láti ibi tí o kò rò.

EWÉ TÍ Ó KÚ SÍ ETÍKUN

Láti ọdún 2011 ni ewé òkun tí ń jẹ́ sargassum ti ń wọ́ gba orí òkun Àtìláńtíìkì wá sí etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja wa ní Nàìjíríà náà. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ láti ojú òfuurufú pé ó lé ní 20,000,000 tọ́ọ̀nù lójú òkun, láti Áfíríkà títí dé Mẹ́síkò. Ó ń dí ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀, ó ń kó sínú àwọ̀n.

Nígbà tí ó wà láàyè lójú òkun, ilé ẹja ni. Nígbà tí ìgbì gbé e jù sí etíkun tí ó kú, àwọn bakitéríà ni ó ń bá a dé ìsìnkú. Bí ó bá kó jọ pelemọ, tí afẹ́fẹ́ kò dé inú rẹ̀, àwọn irú kan a máa tú gáàsì tí ń rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́. Àwọn ará etíkun mọ òórùn náà, ó ń fún wọn ní orí fífọ́ àti èébì.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀? Ẹni tí ó bá já kúrò ní ibi tí Ọlọ́hun fi í sí, ohun tí ó jẹ́ oore lára rẹ̀ lè di ìnira fún aládùúgbò. Ẹ̀bùn ọpọlọ tí Ọlọ́hun fún ọ̀dọ́ láti fi gbé ilé rẹ̀ ró, bí ó bá já kúrò nínú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, òun náà ni yóò fi lu ènìyàn ní jìbìtì. Òórùn rẹ̀ kì í sì í dúró sọ́dọ̀ ẹni náà nìkan.

ÀTAKÒ KAN

Nígbà ìjókòó wa, arábìnrin kan béèrè pé, "Ṣé àwa jẹ́ ewé ni? Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó wà lára mi ni ó ń sọ mí di nǹkan, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi?" Ìbéèrè dáadáa ni, kò sì yẹ kí á sá fún un.

Ewé kò ní ìṣirò níwájú Ọlọ́hun, àwa ní in. Ewé ń tu nǹkan sínú omi nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá a. Àwa ń sọ̀rọ̀ nítorí pé ó wù wá. Ewé kò lè ṣí kúrò lórí òkúta rẹ̀. Àwa lè kó kúrò nínú yàrá. Súrátù Az-Zalzalah sọ pé ẹni tí ó bá ṣe rere tàbí ibi tí ó tó ìwọ̀n ọmọ iná-igún yóò rí i. Kò sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò rí i. Nítorí náà, agbára alábàágbé kì í ṣe àwáwí fún wa. Ìkìlọ̀ ni. Ẹni tí ó mọ̀ pé omi lágbára, tí ó sì wọ inú rẹ̀ láìmọ̀wẹ̀, kò gbọdọ̀ dá omi lẹ́bi.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, kí wàásù yìí má parí sórí ìwé. Ohun tí àwa ti fi ẹnu kò lé lórí ní Alábàtà nìyí, ẹ̀yin náà ẹ mú èyí tí agbára yín ká.

Èkíní, ẹni tí ó bá pa ìrun Jímọ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kan láàárín wa, kí ẹni méjì lọ sí ilé rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kì í ṣe láti bá a wí. Kí wọ́n mú oúnjẹ dání.

Èkejì, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá dé, kí á bá wọn wá yàrá pẹ̀lú ẹni tí ń kírun kí wọ́n tó sanwó fún ẹni tí a kò mọ̀. Iṣẹ́ dáwà ni èyí, ó sì ṣe pàtàkì ju ìwé ìpolówó tí a ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri lọ.

Ẹ̀kẹta, kí oníkálukú ní ẹni kan tí ó lè sọ fún un pé, "Dúró." Bí o bá wò yíká tí o kò rí ẹnikẹ́ni tí ó ti bá ọ wí láti bí oṣù mẹ́fà, kì í ṣe pé o ti di málàíkà. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo àwọn tí ó wà lára rẹ jẹ́ irú kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tí ó ti bá àwọn ẹni ibi lọ, ẹ má pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ulva tí ó ti di wóró padà di ewé nígbà tí àwọn ẹni rere padà sí ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn túúbá kò tíì tì.

Ìkarùn-ún, ẹ jẹ́ kí á kí ìyá alákàrà. Òun ni ó ṣe iṣẹ́ tiwa.

Ìwọ Ọlọ́hun wa, Ìwọ tí O mọ ẹni tí ó wà nínú yàrá àti ohun tí ó wà nínú ọkàn, fi àwọn ẹni rere yí wa ká, kí O sì ṣe wá ní ẹni rere fún àwọn tí a yí ká. Má ṣe jẹ́ kí á dá wà, má sì jẹ́ kí á sọnù sínú ọ̀pọ̀. Dárí jì wá lórí àwọn tí a kò bẹ̀ wò. Kí O kó wa jọ pẹ̀lú àwọn olódodo ní Àlùjánnà. Àmín.